Ìyá Ẹ̀dínwó Tó Ń Ná Ṣíbí Oúnjẹ

Nínú gbogbo àrà tí olóògbé Ìyá Ẹ̀dínwó dá nígbà tó ń se oúnjẹ nílé ìtọ́jú ọmọ, èyí tí ẹnu kò tíì kúrò lára rẹ̀ ni ti ọjọ́ tó dá aláyẹ̀wò tí ìjọba rán wá dúró nídìí àwo ìrẹsì.

Ọjọ́ náà kì í ṣe ọjọ́ ẹ̀rín fún ọ̀gá ilé. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá kò jẹun, kò sì sọ̀rọ̀. Omi nìkan ló ń mu, egungun èjìká rẹ̀ sì ti yọ síta. Aláyẹ̀wò kò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: bí ọmọ náà kò bá jẹun lójú òun lọ́sàn-án yẹn, ọkọ̀ tó gbé òun wá ni yóò gbé e lọ sí ọsibítù, ibẹ̀ ni wọn yóò ti máa fi rọ́bà fún un lóúnjẹ nímú. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó rọ̀ mọ́ ọn kò ní bá a lọ.

Wọ́n bu oúnjẹ fún aláyẹ̀wò pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ó jẹ ẹ́ dé ìdajì, ó nu ẹnu, ó fẹ́ dìde. Ìyá Ẹ̀dínwó ti dúró sẹ́yìn àga rẹ̀ tòun ti ìgbakọ.

“Ọ̀gá, ó ku ogún ṣíbí nínú àwo yín.”

“Mo ti yó, mà.”

“Mo gbọ́. Mélòó lẹ máa mú níbẹ̀?”

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe tòní,” ni ọ̀gá ilé wí. Àìmọye ìgbà ló ti ní kí ìyá náà yéé bá àwọn ọmọ ná oúnjẹ bí ẹni ná ọjà.

Aláyẹ̀wò rẹ́rìn-ín tí kò dénú. “Ẹyọ kan, kí n lè ráyè lọ.”

“Ṣé iye tí wọ́n ń ná ìrẹsì nìyẹn? Ẹ mú méjìdínlógún wá.”

“Mẹ́ta.”

“Kò gbà. Ẹ fi nǹkan lé e.”

Wọ́n fà á títí ó fi di márùn-ún. Aláyẹ̀wò jẹ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ ń bá a kà á sókè. Ìgbà náà ni Ìyá Ẹ̀dínwó yíjú sí ọmọbìnrin yẹn, bí ẹni pé ó kàn ń kọjá lọ.

“Ìwọ ńkọ́? Ogún ni tìẹ.”

Ọ̀gá ilé di ojú. Ọmọ náà wo àwo, ó wo àbúrò rẹ̀.

“Méjì,” ló wí. Kò sẹ́ni tó tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé náà rí.

Ẹlòmíràn ì bá dì mọ́ ọn. Ìyá Ẹ̀dínwó fajú ro. “Méjì kẹ̀? Ṣé o fẹ́ kí n kógbá sílé ni?” Wọ́n parí rẹ̀ sí mẹ́fà, ọmọ náà sì jẹ ẹ́ tán. Aláyẹ̀wò nìkan ló wọkọ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe. Nígbà tí wọ́n ká búrẹ́dì mọ́ ọmọ kan lábẹ́ ìrọ̀rí, tí ọ̀gá ilé ń bá a wí gidigidi, ìyá náà fún ọmọ yẹn ní agolo tó ní ìdérí. Ó ní èèrà ni òun ń bá jà, òun kò bá ẹni tó ń rò ti ọ̀la jà. Agolo náà kún títí ọmọ náà fi ń bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n wá bá òun jẹ níbẹ̀. Ìyá náà fúnra rẹ̀ kì í jẹ ọbẹ̀ tó bá sè. Tíì àti búrẹ́dì ló ń jẹ lórí ìdúró. “Mo mọ ohun tí mo fi sè é,” ló máa ń wí.

Ó pẹ́ kí ọ̀gá ilé tó mọ̀ pé ńṣe ló máa ń bu oúnjẹ kọjá ohun tí ọmọ nílò, kó lè rí ibi tí yóò ti dín in kù.

“Ẹlòmíràn ló yan bẹ́ẹ̀dì fún wọn,” ni ìyá náà ṣàlàyé fún un, “ẹlòmíràn ló yan aṣọ. Ẹnu wọn nìkan ló kù sí wọn lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fi borí mi.”

Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, ìrẹsì tutù sínú àwo gbogbo ọmọ. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ọ̀gá ilé dúró, kò mọ ohun tí yóò ṣe. Nígbà tó yá, ó rìn lọ bá ọmọbìnrin ọjọ́sí, tó ti sanra, tó ti di ẹ̀gbọ́n gbogbo wọn.

“Ṣíbí mẹ́wàá,” ló wí, ojú ń tì í.

Ọmọ náà gbójú sókè, omi kún un. “Ìyá kì í bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, mà. Ogún ni wọ́n máa ń pè é.”

“Ó dáa. Ogún.”

“Méjì.”

“Méjì kẹ̀?” ni ọ̀gá ilé wí, ó sì fa àga jókòó.