Ẹni Tó Ń Tọ́ Omi Ẹ̀rọ Wò

Àbúrò ìyá mi kì í fọwọ́ kan ẹ̀rọ láìkọ́kọ́ tọ́ omi tó ń mú un tutù wò. Ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe létí òkun, níbi tí iyọ̀ ti ń jẹ irin, kó tó padà wá sí Ọ̀kà.

Nígbà tí kànga gbẹ, omi tó ń ro lára àpò ẹ̀gẹ́ ni mo bù sí dúrọ́ọ̀mù tó ń mú ẹ̀rọ tí mo fi ń lọ ẹ̀gẹ́ tutù. Ó tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù lójú àwọn oníbàárà mi.

"Omi kíkan! Òkun gan-an ò burú tó èyí!"

Inú bí mi. "Bọ̀dá, ẹ̀rọ tèmi ni!"

Kò wá mọ́ títí ó fi kú. Omi náà sì jẹ ẹ̀rọ lu.

Lánàá, mekáníìkì kan wá láti Ìkàrẹ́ kó lè tún ẹ̀rọ náà ṣe. Ó ní omi tí mo bá rí ni kí n máa dà sí i. Mo lé e jáde. Omi wà níwájú rẹ̀, kò tọ́ ọ wò!