Ẹni Tí Kọ́kọ́rọ́ Màmá Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ní àdúgbò wa ní Ìkàré, a máa ń ti ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ kì í rìn jìnnà sílé. Abẹ́ ìnusẹ̀ ló máa ń wà, tàbí orí àtẹ́rígbà, níbi tí ọmọ yóò ti rí i bó bá ti ilé ìwé dé kí ìyá rẹ̀ tó ti oko dé. Nígbà tí àwọn olè wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé sílíńdà gáàsì wa lọ lọ́sàn-án gangan, ẹ̀rù bà wá, a sì ní kí àwọn ọlọ́pàá wá bá wa ṣèpàdé.

Ọ̀gá ọlọ́pàá obìnrin kan ni wọ́n rán sí wa. Onísùúrù ènìyàn ni, ó sì nílò sùúrù náà lọ́jọ́ yẹn. Ó ní kí a yé fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́ síta. Ìmọ̀ràn yìí dùn mọ́ wa débi pé kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í kéde ibi tí tirẹ̀ máa ń wà, kí àwọn yòókù lè mọ ibi tí kò ní sí mọ́. Èmi tí mò ń kọ́ni ní yunifásítì Àkùngbá náà dìde, mo ní inú bàtà òjò tó wà lẹ́yìn ilé ni tèmi wà. Ọ̀gá ọlọ́pàá wò mí títí. Ó bi mí bóyá mo mọ gbogbo àwọn tó jókòó síbẹ̀. Mo ní rárá.

Màmá tí ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi nìkan ló kọ̀. Ọmọ Ọ̀kà ni, ọkọ ló gbé e wá sí Ìkàré. Ọ̀gá ilé ìwé ni kó tó fẹ̀yìn tì, títí di òní ló sì ń bá gbogbo wa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé a pẹ́ dé kíláàsì. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ wà lókè òkun, òun nìkan ló ń gbélé.

“Olè tó bá wọlé mi, kí ló fẹ́ kó?” ló bi ọ̀gá ọlọ́pàá. “Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣubú sí balùwẹ̀ ńkọ́? Bí kọ́kọ́rọ́ kò bá sí níta, ibẹ̀ ni mo máa kú sí.”

Ògiri kan náà ló pín ọgbà èmi àti Màmá, ṣùgbọ́n n kò ro irú ẹ̀ rí.

Ọ̀gá ọlọ́pàá ní, “Màmá, ẹ fún aládùúgbò kan péré ní kọ́kọ́rọ́ yín.” Ni gbogbo wa bá na ọrùn. Alága ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù ní aládùúgbò ẹni lọmọ ìyá ẹni, ó sì tún fìlà rẹ̀ ṣe kí Màmá lè rí òun dáadáa. Ó dá èmi lójú pé èmi ni. Màmá kọjá lára wa, ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé ọwọ́ ìyá oníṣọ́ọ̀bù tó dojú kọ ilé rẹ̀. Wọn kì í kí ara wọn láti ìgbà tí ewúrẹ́ obìnrin náà ti jẹ àgbàdo Màmá tán.

“Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà mi látàárọ̀ dalẹ́ nìyí,” ni Màmá wí. “Bí mo bá wúkọ́, ó mọ̀. Ta ni mo tún ń wá?”

Ìyá oníṣọ́ọ̀bù so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, fèrèsé Màmá kò ṣí. Èmi ti kọjá níbẹ̀, mo ti kí fèrèsé náà pé ẹ káàárọ̀, mo sì bá tèmi lọ. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù fi oníbàárà sílẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn, ó bá Màmá nílẹ̀ balùwẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ṣẹ́. Ó pe ọ̀gá ọlọ́pàá lórí fóònù. Ọkọ̀ ọlọ́pàá ni wọ́n fi gbé Màmá la ọjà kọjá lọ sí ọsibítù, àwọn ará ọjà sì ń bi ara wọn pé kí ni arúgbó yìí jí.

Nígbà tí mo lọ kí i, mo bi í bóyá òun àti ìyá oníṣọ́ọ̀bù ti wá parí ìjà báyìí.

“Parí kẹ̀? Kò tíì bẹ̀ mí nítorí àgbàdo mi.” Ó kọjú sí ògiri. “Ó jókòó sórí sìmẹ́ńtì tútù yẹn, ó gbé orí mi lé itan rẹ̀ títí àwọn ọlọ́pàá fi dé. A ò kí ara wa.”