Ọ̀rá Ara Kọ̀ǹpútà Màmá Mi

Òórùn méjì ló máa ń jí mi ní àárọ̀ Sátidé nílé wa ní Ṣómólú: òórùn íǹkì láti ilé ìtẹ̀wé tó wà lẹ́yìnkùlé wa, àti òórùn sípíríìtì tí màmá mi fi ń nu kọ̀ǹpútà. Òwú ló máa ń tì bọ inú sípíríìtì náà, á wá máa nu bọ́tìnì lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń nu ojú ọmọ ìkókó. Ó nu ún títí lẹ́tà fi parẹ́ lára òmíràn nínú wọn. Kò kàn án, torí ìka rẹ̀ ti mọ̀nà. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni ìyà ń jẹ. Bí mo bá sì yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ ni pé, "Títí, bọ́ bàtà ẹ síta! Eruku lo fẹ́ kó wá bá a yẹn?"

Àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún alágbádá ni nígbà náà, gbogbo ènìyàn ló sì ń sọ pé ayé ti ń yí padà. Ayé yí lóòótọ́, ó sì yí lu màmá mi. Ọ́fíìsì kan ní Palmgrove ló ti ń fi tàìpúráítà tẹ̀wé láti ìgbà ọmọge rẹ̀, àfi bí wọ́n ṣe ra kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ní kí àwọn atẹ̀wé máa lọ sílé. Ó sunkún lọ́jọ́ yẹn débi pé ọbẹ̀ jóná. Bàbá mi, tó jẹ́ tíṣà ní Bàrígà, bẹ̀rẹ̀ sí dá àjọ. Nígbà tó kó àjọ rẹ̀, ó gbé páálí ńlá kan wọlé, ó ní, "Ohun tí wọ́n fi lé ẹ kúrò níbi iṣẹ́, òun náà lo máa fi ṣiṣẹ́."

Bàbá mi ya páálí náà, ṣùgbọ́n kò tú ọ̀rá tó wà lára kọ̀ǹpútà. Ó kàn fi abẹ gé ojú ibi tí a ó ti máa wòran àti ibi tí wáyà yóò gbà, ó sì tú ti ara bọ́tìnì nìkan. "Ọ̀rá yẹn ló ń jẹ́ kó wà ní tuntun," ló wí. Àga wa pàápàá ṣì wà nínú ọ̀rá, ó máa ń lẹ̀ mọ́ wa nítan bí ooru bá mú. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, a ó yọ wáyà. Bí iná bá dé, a ó ní sùúrù kó dúró dáadáa ká tó tàn án. Bí bàbá mi bá ti ibi iṣẹ́ dé, á wò ó yípo kó tó dáhùn "ẹ káàbọ̀, sà".

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí gbé iṣẹ́ wá, màmá mi sì tún ń kọrin nídìí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ooru ọdún yẹn dé, kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí kú fúnra rẹ̀. Iná la dá lẹ́bi. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Àǹtí Rónkẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń gbé ní àdúgbò Ladi-Lak, jókòó tì wá, ó ń retí pùrójẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Bó ṣe ku díẹ̀ kó parí, ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn. A dúró, a tún un tàn, ó tún kú.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," Àǹtí Rónkẹ́ ń sunkún, "súpáfáísọ̀ mi ò ní gbà á mọ́ tó bá di ọ̀la!"

Iṣẹ́ náà kò sí níbòmíràn ju inú ẹ̀rọ yẹn lọ, a kò tíì dà á kọ sórí dísíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rù bà mí gan-an, torí mo rí i lójú màmá mi pé ẹ̀rù ń ba òun náà. Bí kọ̀ǹpútà yẹn bá kú, iṣẹ́ màmá mi kú lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn.

Ó wá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, bó ṣe máa ń gbé e lé mi lọ́rùn bí ibà bá ń ṣe mí. Ó fa ọwọ́ yọ kíá, torí ó gbóná janjan. "Títí, lọ mú abẹ bàbá ẹ wá."

"Mummy, Daddy máa bínú o!"

"Jẹ́ kó bínú. Tó bá kú sínú ọ̀rá, tuntun wo ló tún kù níbẹ̀?"

Ó ya ọ̀rá náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ooru tó jáde níbẹ̀ bà mí lójú. A ṣí fèrèsé, a kọjú fáànù sí i, a sì dúró kó tutù. Nígbà tí a tàn án, kò kú mọ́; màmá mi parí iṣẹ́ náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé. Àǹtí Rónkẹ́ kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó gba ìwé rẹ̀, ó sì sáré jáde, ó gbàgbé bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà wa.

Bàbá mi dé, ó rí kọ̀ǹpútà ní ìhòòhò, kò sì dáhùn ìkíni wa rárá. Màmá mi ní, "Daddy Títí, ẹ fọwọ́ kàn án." Ó fọwọ́ kàn án. "Ó tutù," ló sọ. Ó wá ká ọ̀rá náà jọ, ó fi bo tẹlifíṣọ̀n.

Kọ̀ǹpútà lèmi náà fi ń jẹun lónìí, n kì í sì í wo bọ́tìnì kí n tó tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ tí mo bá ra nǹkan ni mò ń tú ọ̀rá ara rẹ̀, mo sì ń nu eruku rẹ̀ bí màmá mi ṣe kọ́ mi. Mo rò pé mo ti gbọ́n tó o. Láìpẹ́ yìí ni màmá mi wá kí mi, ó bá mi nídìí iṣẹ́ tí mo ti jókòó tì láti àárọ̀ láìjẹun. Ó rọra gba ẹ̀yìn mi, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara ẹ̀rọ náà. "Ó ń mí dáadáa," ló wí. Ó wá gbé ọwọ́ kan náà lé mi lọ́rùn. "Ìwọ ńkọ́? Ta ló ń ṣí fèrèsé fún ìwọ?"

Mo dìde nídìí iṣẹ́. Mo pa ẹ̀rọ, mo sì tẹ̀ lé e lọ jẹun.