Làálì tó wà lọ́rùn ìyá mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, àyà mi ṣì ń já.

Jẹjẹrẹ kókó ọrùn ló ń ṣe ìyá mi, a sì tètè rí i. Ní ọsibítù, wọ́n fi bírò sàmì síbi tí ẹ̀rọ onítànṣán tó ń pa jẹjẹrẹ gbọ́dọ̀ kọjú sí. Lónìí tí mo kọ́kọ́ sìn wọ́n lọ láti Ìsẹ́yìn, àmì náà pọ́n bí ọwọ́ ìyàwó!

"Ìyá, kí lèyí?"

"Ó ṣí nígbà tí mo wẹ̀ fún Jímọ̀. Ìyàwó ilé wa ló bá mi fi làálì tún un fà, kó má baà ṣí mọ́."

Òṣìṣẹ́ ìdí ẹ̀rọ wò ó, ó ní, "Ẹ dùbúlẹ̀, Màmá."

Mo kígbe pé kó dúró. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn ọrùn Ìyá, làálì ti yẹ̀ kúrò lórí kókó!

"Ìyá, Jímọ̀ wo ló ṣí?"

"Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún."

Láti ìgbà yẹn ni Ìyá ti ń dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ náà, tí ìtànṣán ń bá ibi tí kì í ṣe kókó. Ẹnì kan ò bi wọ́n pé kí ló pọ́n lọ́rùn wọn.

Ẹ bá mi dá sí i. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ èmi, kí lẹ máa ṣe?