Ara Méjì Lábẹ́ Orúkọ Kan

Ràmọ́tà téló kì í bínú bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé kò mọ aṣọ ìgbéyàwó rán. Òun fúnra rẹ̀ a máa sọ pé aṣọ ilé-ìwé ni Ọlọ́run fi sí òun lọ́wọ́. Ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ níbi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, agbo ilé tí ọmọ wọn kò tíì wọ aṣọ tó rán lọ sílé-ìwé kò pọ̀. Bó bá rí ọmọ tó ń ga kíákíá, a fi etí aṣọ sílẹ̀ dáadáa nínú, kí ìyá ọmọ lè tú u lọ́dún tó ń bọ̀ dípò kó ra òmíràn. Àwọn ìyá fẹ́ràn rẹ̀ nítorí èyí. Àwọn téló ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní tiwọn a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń lé oníbàárà lọ.

Nígbà tí nǹkan náà kọ́kọ́ yọ lọ́rùn rẹ̀, kò ju ẹ̀pà lọ. Kò dùn ún, kò sì yún un. Ohun tí kò sì dunni kì í tètè rí ìtọ́jú. Ó ti tó àgbálùmọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìborùn bò ó, nígbà tó sì tún wá tóbi ju ìyẹn lọ, bó bá ti dorí kọ ẹ̀rọ ìránṣọ, ńṣe ni èémí rẹ̀ ń há. Àwọn àgbà wò ó, wọ́n ní gẹ̀gẹ̀ ni. Ó mu àgbo, ó fi oríṣiríṣi nǹkan pa á, gẹ̀gẹ̀ kò gbọ́.

Ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà ládùúgbò. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ kò tan án. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti oògùn, iṣẹ́ abẹ ló kù, kò sì sí dókítà tó lè ṣe é lọ́dọ̀ àwọn. Ó ní kó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá láàárín ìlú. Ràmọ́tà lọ, ó bọ̀, ó tún lọ, ó tún bọ̀. Bí àwọn dókítà kò bá wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì, ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ á ti kọjá sí òkè òkun, ẹni tó sì ń ti ìlú mìíràn wá dípò rẹ̀ kò ní rí àyè wá. Níkẹyìn, wọ́n ní kó máa lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì sọ iye tí wọn yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀ fún un. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn bí ẹni tí wọ́n júwe ọ̀nà Mẹ́kà fún, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Àbúrò kan ṣoṣo ló ní, Dèbórà. Ọmọ ọwọ́ ni Dèbórà nígbà tí ìyá wọn kú. Ẹ̀yìn Ràmọ́tà ló ti dàgbà, owó aṣọ rírán ló sì fi ka ìwé títí tó fi jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọkọ tó fẹ́ ló bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ tuntun. Iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló ń ṣe, wọ́n sì ń yọ díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀ fún adójútòfò ìlera. Káàdì tó gbà wà fún òun, ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀. Kò sí àyè níbẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n tó pọnni dàgbà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, Dèbórà yà sílé Ràmọ́tà láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó sùn lọ lórí àga, tó jókòó ṣánṣán, tó la ẹnu sílẹ̀ tó ń wá èémí. Ó dúró wò ó títí. Nígbà tí Ràmọ́tà jí, ohun tí àbúrò rẹ̀ kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká lo káàdì mi. Ojú wa jọra, Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ ó sì lọ. Ta ló mọ̀ wá níbẹ̀?"

Ràmọ́tà bi í bóyá olè kọ́ nìyẹn. Dèbórà ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń yọ owó òun, ó ṣọ̀wọ́n kí òun tó lo káàdì náà. Bí òun bá fi ohun tó jẹ́ tòun ṣe ẹni tó di ìyá fún òun lóore, ta lòun jà lólè? Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, àìrí èémí mí náà kò sì yàtọ̀. Ràmọ́tà kọ́ ọjọ́ ìbí àbúrò rẹ̀ sórí, ó kọ́ iṣẹ́ tó ń ṣe àti ibi tó bí àwọn ọmọ sí.

Òun nìkan ló wọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kí wọ́n má baà rí ojú méjì tó jọra lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ibùdókọ̀, kẹ̀kẹ́ tó wọ̀ gba Sábó kọjá, níbi tí àwọn Hausa ti ń já àpò àlùbọ́sà kúrò nínú ọkọ̀. Ọrùn ni gbogbo ènìyàn ń wò lójú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìborùn bo tirẹ̀ dáadáa. Nílé ìwòsàn, wọ́n pe Dèbórà, kò dáhùn. Wọ́n tún un pè. Obìnrin tó jókòó tì í bi í bóyá òun kọ́ ni wọ́n ń pè, ó sì dìde fùú bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

Dókítà tó bá kì í ṣe àgbà, Daniel lorúkọ rẹ̀. Ó rọra fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó bi í léèrè, ó sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ya àwòrán inú ọrùn rẹ̀. Ilẹ̀kùn tó ti ń kàn láti ọjọ́ pípẹ́ ní Ọ̀yọ́, káàdì ṣí i wọ́ọ́rọ́wọ́. Dókítà ṣàlàyé fún un pé ẹran kékeré kan tó wà lọ́rùn gbogbo ènìyàn, tí wọ́n ń pè ní ẹṣẹ́, ló wú nínú ọrùn rẹ̀, pé àwọn máa yọ ọ́ kúrò, àti pé lẹ́yìn náà yóò máa lo oògùn kékeré kan lójoojúmọ́ títí ayé. Wọ́n dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún un. Inú rẹ̀ dùn nínú ọkọ̀ nígbà tó ń padà lọ, ṣùgbọ́n ìdùnnú náà kò bá a lára mu, àfi bí aṣọ tí wọ́n wọ̀n sí ara ẹlòmíràn.

Nígbà tí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ku ọ̀la, wọ́n fún un ní bẹ́ẹ̀dì. Lọ́sàn-án, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Mercy fa àga jókòó tì í, ó ń bi í ní ìbéèrè. Ó bi í nípa ọmọ bíbí, ó dáhùn. Ó bi í nípa àwọn àìsàn tó ti ṣe é rí, ó dáhùn. Lẹ́yìn náà ni Mercy bi í pé, "Mà, ṣé oògùn tàbí abẹ́rẹ́ kankan wà tí ara yín ò gbà rí?"

Ràmọ́tà la ẹnu láti sọ pé kò sí. Nígbà náà ni ọjọ́ kan tó ti lọ jìnnà padà wá sọ́kàn rẹ̀. Ibà mú Dèbórà nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, wọ́n sì gún un lábẹ́rẹ́ nílé ẹlẹ́gbòogi òyìnbó kan. Wọn kò tíì délé tí ètè ọmọ náà fi wú, tí ojú rẹ̀ dí, tó ń mí bí ẹyẹ tí wọ́n fún lọ́rùn. Ràmọ́tà, ọmọdé lòun náà nígbà yẹn, pọ̀n ọ́n, ó sì sáré títí dé ọ̀dọ̀ dókítà. Dókítà ọ̀hún ní kó fi sọ́kàn: pẹnisílìn, wọn kò gbọdọ̀ fún ọmọ yìí mọ́ láéláé. Ó ń kọ ọ́ bí orin lọ sílé kó má baà gbàgbé.

Bó bá ní kò sí, òótọ́ ara tirẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n ara Dèbórà ni wọn yóò kọ ọ́ mọ́. Ó rò ó pé òun lè dárúkọ pẹnisílìn kí ọ̀rọ̀ tán. Ó wá rántí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti gbà, tí wọ́n kọ irú rẹ̀ sábẹ́ orúkọ Dèbórà. Ó rántí ẹṣẹ́ tí wọn yóò yọ lọ́la, tí yóò sì wà lọ́rùn Dèbórà síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé Dèbórà gan-an wá síbí, tí kò lè sọ̀rọ̀, ara Ràmọ́tà ni wọn yóò máa tọ́jú nínú rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì," ó ní, "ara ta lẹ ń bi mí?"

Mercy rò pé kò gbọ́ dáadáa ni, ó sì tún ìbéèrè náà bi.

"Èmi kọ́ ni Dèbórà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí. Ràmọ́tà lorúkọ mi."

Mercy kò pariwo. Ó fa kọ́tìnnì yí bẹ́ẹ̀dì náà ká, ó sì bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ ìsinsìnyí ló ń sọ ọ́. Ràmọ́tà sọ ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nọ́ọ̀sì ní, "Mà, ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ ṣe irú èyí. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi kó tó di ọ̀ràn."

Kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Inú bí Dókítà Daniel, ó ní ẹlòmíràn ì bá ti lo àyè yẹn. Wọ́n ránṣẹ́ pe Dèbórà, wọ́n sì dá káàdì rẹ̀ dúró títí wọn yóò fi tún ohun tí wọ́n ti kọ ṣe. Ṣùgbọ́n kí Ràmọ́tà tó kúrò níbẹ̀, Mercy sọ fún un pé ọ̀nà wà fún ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Ó lè wọlé sínú ètò adójútòfò náà fúnra rẹ̀, tàbí kí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jọ wọ̀ ọ́. Kò ní ga ju agbára rẹ̀ lọ. Wàhálà rẹ̀ ni pé káàdì kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ téèyàn sanwó. Ó ní láti dúró fún oṣù mélòó kan, ilé ìwòsàn kékeré ládùúgbò rẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ rán an wá.

Ràmọ́tà béèrè ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi sọ ọ́ fún òun ní gbogbo ìgbà tóun ń lọ tóun ń bọ̀. Mercy wo ilẹ̀. "Àwa tá a wà nínú ẹ̀ ti rò pé gbogbo ayé ti gbọ́."

Nígbà tí Dèbórà wá bá a nílé ní Ọ̀yọ́ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, kò kúnlẹ̀. Wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́ níbi iṣẹ́, ibà sì ti mú ọmọ rẹ̀ nígbà tí káàdì kò ṣiṣẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ kan péré ló kù. Ẹ ò lè dákẹ́ di ọjọ́ kejì?"

Ràmọ́tà ní kó jókòó, ó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fún un. Dèbórà kò gbọ́ ọ rí. Ó ní kó tún orúkọ abẹ́rẹ́ náà pè, òun náà pè é tẹ̀lé e. Ó ṣe díẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ lórí àga, ó sì gbé orí lé ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ téló tó tẹ̀lé e, Ràmọ́tà dìde, ó ká ìborùn kúrò lọ́rùn. Wọ́n mọ̀ pé ó ní nǹkan lọ́rùn, wọn kò mọ̀ pé ó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ó sọ ohun tí Mercy sọ fún un, ó sì bẹ̀ wọ́n kí ẹgbẹ́ jọ wọ ètò náà. Ismaheel, alága wọn, fara mọ́ ọn. Ìbùkúnọlá, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lọ́ọ̀ọ́kán tirẹ̀, ní òun kò lè sanwó fún àìsàn tí kò tíì wá, pé ó jọ ẹni tó ń fọwọ́ pe ibi wọlé.

"Gbogbo wa là ń ra abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ sílẹ̀," Ràmọ́tà dá a lóhùn. "Ṣé rírà yẹn ló ń ṣẹ́ èyí tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ?"

Àwọn kan forúkọ sílẹ̀. Àwọn kan ní káwọn kọ́kọ́ wo bí tirẹ̀ yóò ṣe rí.

Àwọn oṣù ìdúró yẹn kò rọrùn. Ìrọ̀rí ló ń kó jọ sẹ́yìn kó tó lè sùn. Láràárọ̀ ni Dèbórà ń pè é lórí fóònù, kì í ṣe nítorí ọ̀rọ̀ kan, kó lè gbọ́ bó ṣe ń mí ni. Nígbà tí káàdì sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nọ́ọ̀sì àdúgbò kọ̀wé rẹ̀ kíákíá, ṣùgbọ́n àṣẹ iṣẹ́ abẹ tó yẹ kó ti ọ́fíìsì adójútòfò wá kò tètè dé. Ràmọ́tà ń lọ jókòó síbẹ̀ lójoojúmọ́ títí ojú rẹ̀ fi sú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, tí wọ́n ń tẹ àwọn ará ọ́fíìsì náà láago nítorí rẹ̀. Àṣẹ dé.

Dókítà Daniel náà ló ṣe iṣẹ́ abẹ ọ̀hún. Gẹ̀gẹ̀ ti fẹ̀ sí i, ó sì ti sún mọ́ ibi tí ohùn ń gbà. Ràmọ́tà jí, ó fa èémí sínú, èémí wọlé láìsí ìdíwọ́. Ó sunkún nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò. Ó ti há, ó sì há bẹ́ẹ̀ títí dòní. Dókítà ní ó lè jẹ́ ìdádúró ló fà á, ó sì lè máà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Òun kò lè búra. Dèbórà gbà pé ìdádúró ni, ọ̀rọ̀ náà a sì máa dùn ún. Ràmọ́tà a máa rò ó nígbà mìíràn bó bá ń rán aṣọ, kò sì tíì mọ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé bí wọ́n bá tún bi í ní ìbéèrè yẹn, èsì kan náà ni yóò fọ̀.

Oògùn ojoojúmọ́ wà lábẹ́ káàdì, ṣùgbọ́n ó wọ́pọ̀ kí wọ́n sọ fún un pé kò sí nílẹ̀. A máa jókòó nílé ìwòsàn kékeré àdúgbò, a dúró dè é, bí kò bá sì sí, a padà lọ lọ́jọ́ kejì. Níbẹ̀ ló wà láàárọ̀ ọjọ́ kan tí Ìbùkúnọlá wọlé, tó ní òun wá forúkọ sílẹ̀, pé òun kò sì mọ ibi téèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ràmọ́tà sún fún un lórí bẹ́ǹṣì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Aláboyún kan tó wà nítòsí yíjú sí wọn, bàbá kan náà bi í ní tirẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò lè lọ sókè, nítorí náà àwọn tó fẹ́ gbọ́ gbé àga wọn sún mọ́ ọn.