Oòrùn Abẹ́ Ajere

Mo ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé láàárọ̀ yìí, mo ṣan ìrẹsì, mo gbé ajere sókè lójú fèrèsé kí omi rẹ̀ ro. Oòrùn gba ihò rẹ̀ kọjá, ó ń gbọ̀n lára ògiri. Ni mo bá rántí ọgbà ilé ìwé wa ní Bronx.

Èdè Spanish ni tíṣà fi ń kọ́ wa. Lọ́jọ́ tí òṣùpá máa bo oòrùn, wọ́n ní ká má wòkè kójú wa má bàjẹ́. Kí a mú ajere wá látilé, ká lè wo oòrùn tó bá gba ihò rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Màmá mi fúnra wọn ló gbé tiwa wá lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Wọn ò tíì bọ́ yunifọ́ọ̀mù iṣẹ́ alẹ́ tí wọ́n ń ṣe nílé ìtọ́jú arúgbó, òórùn sánítáísà sì ń ta lára wọn.

“¡Más alto, señora!” ni tíṣà wí.

“Mọ́mì, wọ́n ní kí ẹ gbé e sókè sí i.”

Wọ́n gbé e sókè. Oòrùn kéékèèké tò sílẹ̀ bí èékánná ọmọ tuntun. “¡El sol! ¡La luna!” là ń pariwo, oòrùn àti òṣùpá lédè tíṣà. Afẹ́fẹ́ tutù, àwọn oòrùn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

“Mọ́mì, òtútù ń mú oòrùn o!”

“Ó máa tó móoru, ọkọ mi.”

Wọn ò sọ ajere kalẹ̀ títí gbogbo ọmọ fi rí i. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé apá tó gbé arúgbó dìde, tó gbé e dùbúlẹ̀ mọ́jú, ló ń gbọ̀n.