Ẹkún Tí Mi Ò Sun

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fìyà jẹ mí nínú fíìmù. Ọkọ á lù mí, ìyá ọkọ á lé mi síta, màá sunkún títí ojú mi á fi wú. Tí mo bá lọ ra aṣọ lọ́jà Aswani, àwọn ìyá á dì mọ́ mi: "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ọlọ́run á dá ọkùnrin yẹn lẹ́jọ́." Èmi tí mi ò tíì lọ́kọ!

Nígbà tí àǹtí kan tó ń ṣe fíìmù ní Òkè-Àfà ní kí n mú ìtàn wá, ti màmá mi ni mo mú lọ. Nígbà tí bàbá mi kú, àwọn ẹbí wọn lé wa jáde nílé tí bàbá kọ́ sí Abẹ́òkúta. Màmá ò bẹ̀ wọ́n. Màmá kó wa wá sí yàrá kan ní Èjìgbò, wọ́n gba lọ́yà, wọ́n sì gba ilé wọn padà. Èmi gan-an ni mo ṣe màmá nínú fíìmù náà, omi ò sì bọ́ lójú mi látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ara mi ò lélẹ̀ mọ́, mo ṣáà fẹ́ kí màmá wò ó.

Ọjọ́ tí fíìmù bọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo rí àwòrán tí wọ́n fi síwájú ẹ̀: ojú mi rèé, tí omijé ń dà lẹ́rẹ̀kẹ́. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi kun omijé ọ̀hún! Mo fìbínú pe àǹtí.

"Àǹtí, kí lẹ ṣe yìí? Ibo ni mo ti sunkún?"

"Má bínú, àbúrò mi. Ṣé o rò pé ó wù mí ni? Èyí tí mo ṣe kọjá, tí obìnrin ń rẹ́rìn-ín níwájú ẹ̀, ta ló wò ó? Àwa obìnrin náà là ń wo fíìmù wọ̀nyí, èyí tí wọ́n bá ti ń sunkún la sì máa ń tẹ̀. Tí èyí ò bá tà, mi ò ní lè ṣe òmíràn."

Ó ti rẹ àǹtí, mo gbọ́ ọ lóhùn wọn. Pálọ̀ àwọn fúnra wọn la ti ya èyí tó pọ̀ jù nínú fíìmù náà. Àánú wọn ṣe mí, mo ní kò burú.

Háà, ó tà! Àwọn ìyá Aswani ò kí mi ní pẹ̀lẹ́ mọ́. "O káre! O ò gbà fún wọn!"

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi kan, mo gbé fóònù fún màmá. Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n tẹjú mọ́ àwòrán yẹn.

"Ta ló ń sunkún yìí?"

"Ẹ̀yin ni mo ṣe, Mà. Ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́, ẹ máa rí i pé kò sí ẹkún kankan níbẹ̀."

"Èmi ò sunkún níwájú wọn."

"Mo mọ̀, Mà."

"Wọ́n kó ẹrù wa síta, gbogbo àdúgbò ń wò, mi ò jẹ́ kí wọ́n rí omijé mi. Nǹkan kan ṣoṣo tí wọn ò rí gbà lọ́wọ́ mi nìyẹn."

Wọ́n yọ awò ojú, wọ́n sì dojú fóònù délẹ̀.

"Ṣé ó tà?"

"Ó tà gan-an, Mà."

"Tó bá jẹ́ pé o ò sunkún nínú àwòrán yẹn ńkọ́?"



"A ò dán an wò, Mà."